Nana Asma'u Ọmọ Ṣéù Usman: Olùkọ́ Àwọn Obìnrin Ìgbèríko

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, orúkọ Nana Asma'u kò ṣàjèjì sí yín. A máa ń rí i lára ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin àti ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ń sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí obìnrin náà ṣe, ìdáhùn tí a sábà ń gbọ́ ni pé ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio ni, àti pé ó kọ ewì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù ni bí ó ti so ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ pọ̀ mọ́ sísin ará ìlú.

Ọdún 1793 ni wọ́n bí i ní Degel, ní ilẹ̀ Gobir. Ìbejì ni, Hassan sì ni orúkọ èkejì rẹ̀. Ṣéù kò fún un ní orúkọ ìbejì, Asma'u ni ó sọ ọ́, orúkọ ọmọ Abubakar Siddiq tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì àti bàbá rẹ̀ nínú ihò àpáta nígbà hijira. Ilé ìmọ̀ ni ilé wọn, àti ọkùnrin àti obìnrin. Khadija ẹ̀gbọ́n rẹ̀ túmọ̀ ìwé òfin Khalil sí èdè Fulfulde. Asma'u fúnra rẹ̀ gbọ́ Lárúbáwá, Fulfulde, Haúsá àti èdè àwọn Tuareg. Ṣéù ti bá àwọn àlùfáà ìgbà rẹ̀ wí nínú ìwé pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú tọ̀sán tòru, wọ́n sì fi ìyàwó àti ọmọbìnrin tiwọn sílẹ̀ nínú àìmọ̀kan. A rọ àwọn arákùnrin wa kí wọ́n ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀méjì.

Ọmọdé ni Asma'u nígbà tí wọ́n ṣí kúrò ní Degel lọ sí Gudu ní 1804. Ogun tí ó tẹ̀lé e jà títí Alkalawa fi ṣubú ní 1808. Ó fẹ́ Gidado, ẹni tí ó padà di Wàsírì fún Muhammad Bello. Ṣéù fi ayé sílẹ̀ ní 1817, Bello ẹ̀gbọ́n Asma'u sì gba ipò bàbá wọn ní Sókótó.

Ogun parí, ìṣòro mìíràn sì dé. Àwọn opó pọ̀, àwọn tí a kó lẹ́rú pọ̀, pàápàá lẹ́yìn ogun Gawakuke ní 1836. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbèríko ti fi ẹnu gba ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àlùwàlá, wọn kò mọ ìwẹ̀ jánábà, ọ̀dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà bori ni wọ́n sì ń sá lọ bí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Ta ni yóò kọ́ wọn? Àlùfáà ọkùnrin kò lè wọ inú iyàrá wọn. Ìyá ọlọ́mọ kò lè fi ilé sílẹ̀ kí ó máa bọ̀ ní Sókótó.

Nígbà náà ni Nana dá ẹgbẹ́ Yan Taru sílẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn tí ó kó ara wọn jọ. Àwọn àgbà obìnrin tí ọmọ bíbí ti tán lára wọn àti àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ ni wọ́n ń rin ìrìn náà, nítorí pé ọwọ́ wọn dilẹ̀ ju ti àwọn abiyamọ lọ. Aṣáájú wọn ni wọ́n ń pè ní jaji, orúkọ tí àwọn Haúsá fi ń pe olórí àwọn èrò ìrìn-àjò. Nana fún jaji kọ̀ọ̀kan ní malfa, fìlà ńlá tí wọ́n fi koríko hun, ó sì so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí i: irú fìlà yìí ni Inna, olórí àwọn obìnrin bori ní Gobir, ń dé tẹ́lẹ̀. Nana mú ohun tí ojú àwọn ènìyàn ti mọ̀ sí ọlá, ó sì gbé e lé orí olùkọ́ Ìsìláàmù. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Ewì ni ìwé wọn. Nana fi Haúsá àti Fulfulde kọ ọ́ kí ó lè rọrùn láti há sórí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ wákà àwọn ìyá wa ní Ìlọrin mọ bí orin ṣe ń gbé ẹ̀kọ́ dúró lọ́kàn. Ewì kan wà tí ó to orúkọ àwọn súrà Alùkùránì sí, ó sì kọ ọ́ ní èdè mẹ́ta. Jaji á há a sórí lọ́dọ̀ Nana, á padà sí abúlé, á kọ́ àwọn abiyamọ nínú ilé wọn, á sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà á tún kó èrò lẹ́yìn padà wá sí Sókótó, pẹ̀lú ẹjọ́ àti ìṣòro wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún jaji pé kí ó kọ́kọ́ ka ìwé tán kí ó tó wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwa tí a gba ilé-kéwú kọjá wọ yunifásítì ti da ara wa rò. A mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege dáadáa nínú ìdánwò fíkì, tí ìyá àgbà kan ní àdúgbò rẹ̀ kò sì tíì rí ẹni kọ́ ọ ní Fátíhà. Lóòótọ́, ìjọba dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àgùnbánirọ̀ ń lọ lẹ́yìn tí ìwé ti parí, ọ̀pọ̀ sì ń ka ọjọ́ tí yóò padà sílé. Ìrìn àwọn Yan Taru wà lára ìwé kíkà wọn gan-an.

Wọn kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ń gbé ọkà, oyin, bọ́tà àti aṣọ wá, Nana sì ń pín in fún àwọn aláìní àti aláàbọ̀ ara. Ó kọ ohun tí ó lé ní 60 ìwé àti ewì, àwọn ọ̀mọ̀wé ọkùnrin sì ń kọ lẹ́tà sí i, síbẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì sí obìnrin abúlé.

Ní 1858 ó kọ ewì ìdárò fún Hauwa, ọ̀kan nínú àwọn jaji rẹ̀ àtijọ́. Ó rántí pé nínú ooru, nínú òjò, nígbà ìkórè àti nígbà ọyẹ́, Hauwa wà lójú ọ̀nà, ó ń kó àwọn ènìyàn bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Nana fúnra rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun ní 1864. Maryam àbúrò rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, àwọn jaji sì ń bá ìrìn wọn lọ. Títí dé Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni àwọn obìnrin Mùsùlùmí ti gbé orúkọ Yan Taru dé.