Àlùfáà William Herbert, Díìnì Ìlú Manchester

Ní ọjọ́ 12 oṣù January, ọdún 1778, ni a bí William Herbert ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọlọ́lá ni, nítorí baba rẹ̀ ni ó wá di Earl ti Carnarvon. Ó kàwé ní Eton àti ní Oxford, ó sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1814 ó gba oyè àlùfáà, a sì fi ìjọ Spofforth ní Yorkshire lé e lọ́wọ́. Bí ó ti ń bọ́ agbo Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tọ́jú ọgbà òdòdó rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ amòye gbà pé bí irú ewéko méjì bá dà pọ̀, ọmọ wọn yóò yàgàn gẹ́gẹ́ bí ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí ọmọ náà bá sì so èso, wọn a ní irú kan náà ni àwọn òbí rẹ̀. Herbert kò fi ẹnu lásán jiyàn. Ó dán an wò. A máa gé ibi tí lẹ́búlẹ́bú wà kúrò lára òdòdó kan kí ó tó là, a sì máa fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó irú mìíràn kàn án. Iṣẹ́ tí oyin ń ṣe nínú igbó ni ó ń fi ọwọ́ ṣe. Ó rí i pé àdàlù mìíràn yàgàn, ṣùgbọ́n òmíràn ń so èso dáadáa.

Òdòdó kan wà tí ń hù ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Narcissus incomparabilis, èyí tí ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà. Àwọn amòye ti kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí irú ọ̀tọ̀. Herbert fura sí i. Ó da Narcissus oníyẹ̀yẹ́, tí ife àárín rẹ̀ gùn, pọ̀ mọ́ funfun, tí ife tirẹ̀ kéré tí etí rẹ̀ sì pupa. Ó gbin èso wọn, ó sì fi sùúrù dúró títí wọ́n fi tanná. Sì kíyè sí i, òdòdó tí ó yọ jọ ti ilẹ̀ Faransé náà! Kì í ṣe irú ọ̀tọ̀, ọmọ àwọn méjì wọ̀nyí ni, tí a bí nínú ìgbẹ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà títí di òní.

Inú àwọn kan kò dùn, wọ́n ní ó ń da ètò ewéko rú. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ Herbert kò mì: ó gbà pé Ọlọ́run dá àwọn ìdílé ewéko ní àtètèkọ́ṣe, ó sì fún wọn ní agbára láti yàtọ̀ síra gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ tí wọ́n bá bá pàdé.

Ní ọdún 1837 ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀, Amaryllidaceae, jáde. Ní 1840 a fi í ṣe olórí ìjọ ńlá Manchester. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 28 oṣù May, ọdún 1847. Charles Darwin dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ ti ọdún 1859, òdòdó kan sì ń jẹ́ Herbertia nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá bẹ̀rù àtiwádìí iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá kò tíì mọ bí ọgbọ́n Rẹ̀ ti jìn tó.