Alexander Graham Bell àti Ìdákẹ́jẹ́ Ìṣẹ́jú Kan

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó lókìkí, tó sì ti kú tipẹ́. Ẹ lè máa rò pé Mọrèmi tàbí Àjàyí Crowther ni mo máa mú. Rárá o, Alexander Graham Bell ni mo mú, ẹni tó ṣe tẹlifóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo ń ran màmá mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Nyanya, níbi tí wọ́n ti máa ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn fáíbà ni wọ́n fà wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì tún mú un dé, iná kékeré kan lára ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì á máa ṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mẹ́ta ti jókòó, ojú sì ń kán mi. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tàn án, mo tún pa á, mo tún tàn án. Oníbàárà méjì bínú lọ. Màmá mi kò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó oúnjẹ wa ló lọ yẹn.

Ẹnjinníà tó wá wò ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi gan-an ni mò ń dá a dúró. Ẹ̀rọ náà ń retí kí wọ́n pè é ni, gbogbo ìgbà tí mo bá sì pa á, ńṣe ló máa ń tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba inú ìmọ́lẹ̀ kọjá, kí n lọ ka ìtàn Bell. Mo sì lọ kà á.

Wọ́n bí Bell ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1847. Bàbá rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn èèyàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já gaara lẹ́nu. Màmá rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Bell máa ń gbé ẹnu sún mọ́ iwájú orí màmá rẹ̀, á rọra fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì gbọ́.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa àbúrò rẹ̀ ní ọdún 1867, ó tún pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1870. Ó wá ku òun nìkan. Ẹ̀rù ba àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Kánádà. Ní ọdún 1871, Bell lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà láti máa kọ́ àwọn adití. Ó fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹnu sọ̀rọ̀ dípò ọwọ́. Ọ̀pọ̀ adití kò fara mọ́ èyí títí dòní, torí pé ọwọ́ yẹn ni èdè wọn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Mabel Hubbard, tóun náà jẹ́ adití, ló fi ṣe aya ní 1877.

Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tí wáyà tẹ́lígíráàfù kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Bell rò ó pé tí olúkúlùkù bá ní ohùn tirẹ̀, bí ìlù ṣe ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ máa lo wáyà kan. Ibi tó ti ń wá èyí ló ti bá tẹlifóònù pàdé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1876, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Thomas Watson, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, wà ní yàrá mìíràn, ó sì gbọ́ ohùn Bell nínú wáyà pé kí òun máa bọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọdún 1880. Ní ìlú Washington, Bell àti Charles Sumner Tainter fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn gbé ohùn èèyàn fún nǹkan bíi mítà 213, láìsí wáyà kankan láàárín. Ohùn ló ń mi dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, dígí náà sì ń mi ìmọ́lẹ̀. Photophone ni wọ́n pè é. Bell fẹ́ràn rẹ̀ ju tẹlifóònù lọ. Ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà, kùrukùru àti òjò sì lè dí i. Ó di ọdún 1966, ìyẹn ọdún 86 lẹ́yìn náà, kí Charles Kao àti George Hockham tó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lè gba inú okùn gíláàsì lọ sí ọ̀nà jíjìn tí gíláàsì náà bá mọ́ dáadáa. Òun ni fáíbà tiwa yìí.

Àlá Bell méjèèjì ló wá pàdé nínú fáíbà: ọ̀rọ̀ inú ìmọ́lẹ̀, àti ọ̀pọ̀ èèyàn lórí okùn kan. Okùn kan láti ọ́fíìsì lè pín sí ilé 32 tàbí 64. Ẹ̀rọ ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró de àsìkò tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń tò síbi omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun ńkọ́? Ọ̀gá ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì kò tíì mọ bó ṣe jìnnà tó. Ó máa ní kí gbogbo àwọn tó ti wà níbẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, á wá pe ẹni tuntun. Ẹni tuntun á dáhùn, ọ̀gá á wọn bí ìdáhùn náà ṣe pẹ́ tó, á sì fún un ní àsìkò tirẹ̀. Tí ilé bá jìnnà ní kìlómítà 20, àlọ àti àbọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò ju ìdá 200 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Tí ẹni tuntun méjì bá dáhùn pọ̀, ohùn wọn lè kọlu ara wọn, wọ́n á sì dúró de ìpè mìíràn. Ẹ wo bó ṣe máa rí tí iná bá dé, tí gbogbo àdúgbò fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà!

Tí ìdákẹ́jẹ́ náà bá gùn jù, àwọn tó wà níbẹ̀ á jìyà. Tí kò bá sì wáyé lemọ́lemọ́, ẹni tuntun á pẹ́ níta. Ohun tí àwọn ẹnjinníà ṣe ni pé kí olúkúlùkù ẹni tuntun dúró díẹ̀ lọ́nà tirẹ̀ kó tó dáhùn, kí ohùn má bàa kọlu ara wọn. Tí ọ̀gá bá sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ilé wà láàárín kìlómítà 10 sí 15, ìdákẹ́jẹ́ náà lè kúrú, á sì lè máa pè lemọ́lemọ́.

Bell kú ní Nova Scotia, ní Kánádà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1922, ní ẹni ọdún 75. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, wọ́n dá gbogbo tẹlifóònù Amẹ́ríkà àti Kánádà dúró fún ìṣẹ́jú kan láti bọlá fún un.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn rán mi létí ara mi. Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ yìí ní JSS1, Háúsá ni mo fi máa ń ṣeré ní Nyanya, Yorùbá mi kò sì dán. Kí n tó la ẹnu, ẹlòmíì ti gba ọ̀rọ̀. Odidi táàmù kan ni mo fi dákẹ́. Àwọn JSS1 tuntun ń bọ̀ báyìí. Mo bẹ̀ yín, ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ti wà níbẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù màmá mi, tí iná bá dé báyìí, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ o. Mo ń jẹ́ kí wọ́n pè é.