Selman Waksman, ẹni tí ó wá oògùn nínú erùpẹ̀

Ní ọdún 1888 ni a bí Selman Waksman ní abúlé Nova Pryluka, ní ilẹ̀ Ukraine. Ọba Rọ́ṣíà ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà nígbà náà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ni ó yí abúlé wọn ká. Nígbà tí Selman wà ní ọmọdé, àrùn ọ̀fun kan tí ń dí èémí pa àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kò sí oògùn rẹ̀ ní abúlé náà.

Àwọn ọmọ Júù kì í rí àyè púpọ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Rọ́ṣíà. Ìyá Selman kú ní ọdún 1909. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ó gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tí ó ní oko ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní ọdún 1911, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Rutgers, tí kò jìnnà sí oko náà, láti kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní California ní ọdún 1918, ó sì padà sí Rutgers láti máa ṣe olùkọ́.

Àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ni Waksman yàn láti mọ̀. Wọ́n pọ̀ ju iye lọ nínú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan. Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí ó fẹ́ràn jù. Ẹ̀yà yìí ni ó ń fún ilẹ̀ ní òórùn tí a máa ń gbọ́ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Fún ogún ọdún ni ó fi ń kọ orúkọ àti ìwà wọn sílẹ̀.

Ní ọdún 1939, René Dubos, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Waksman, rí kòkòrò ilẹ̀ kan tí omi ara rẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn. Ìròyìn yìí yí iṣẹ́ Waksman padà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀ jọ. Wọ́n ń gbin àwọn kòkòrò inú rẹ̀ sínú àwo. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá jẹ́ kí àwọn yòókù hù ní àyíká rẹ̀, wọ́n á mú un fún àyẹ̀wò. Oògùn tí wọ́n rí ní ọdún 1940 pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹranko pẹ̀lú. Wọn kò dẹ́kun. Waksman ni ó sọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní: antibiotique.

Ní àkókò náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Pénicilline kò ràn án. Ní ọdún 1943, Albert Schatz, akẹ́kọ̀ọ́ Waksman tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 23, ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá abẹ́ ilé kan ní Rutgers. Ó rí kòkòrò ilẹ̀ méjì tí wọ́n ń ṣe oògùn tuntun. Ọ̀kan wá láti inú ilẹ̀ tí a fi ìgbẹ́ ẹran sí, èkejì láti ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ. A pe oògùn náà ní streptomycine. Schatz, Elizabeth Bugie àti Waksman kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1944.

Báwo ni oògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Kòkòrò àrùn gbọ́dọ̀ máa ṣe èròjà amúaradàgbà kí ó tó lè wà láàyè. Ó ní àwọn ibi iṣẹ́ kéékèèké nínú ara rẹ̀ fún èyí. Iṣẹ́ wọn dà bí iṣẹ́ ẹni tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Àṣẹ kan ń sọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó kàn, a ó sì fi í sí ipò rẹ̀. Streptomycine a lẹ̀ mọ́ ibi iṣẹ́ náà. Kò ní jẹ́ kí ó ka àṣẹ dáadáa mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò yẹ yóò wọlé, èròjà náà yóò bàjẹ́, kòkòrò náà yóò sì kú. Ibi iṣẹ́ tí ó wà nínú ara ènìyàn yàtọ̀ sí ti kòkòrò. Nítorí náà ni oògùn náà fi ń pa kòkòrò láì pa aláìsàn. Síbẹ̀, ó lè ba etí jẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó láìsí dókítà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dán oògùn náà wò lára àwọn aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 kú nínú 55 tí wọ́n gbà á. Nínú 52 tí wọn kò gbà á, 14 ni ó kú. Ayọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà tún dìde lára ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ibi iṣẹ́ àwọn kòkòrò kan ti yí padà, oògùn kò sì rí ibi lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé oògùn kan ṣoṣo kò tó fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. A gbọ́dọ̀ lo ju ẹyọ kan lọ papọ̀, kí a sì lò wọ́n parí.

Owó tí oògùn náà mú wá dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1950, Schatz pe Waksman lẹ́jọ́, nítorí pé a kò fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ọdún kan náà: a gbà pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rí oògùn náà, Schatz sì gba ìpín nínú owó rẹ̀. Síbẹ̀, Waksman nìkan ni a fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1952. Ó fi apá kan owó rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìwádìí lórí àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké.

Waksman kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní ẹni ọdún 85. A kò lè ka iye ẹ̀mí tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà là. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ dá orúkọ rẹ̀ nìkan pè. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.