Fẹlá Ṣówándé

Ọ̀yọ́ ni a bí Fẹlá Ṣówándé sí ní 1905. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó ti di àgbà atẹdùùrù, ó sì gba oyè FRCO ní 1943. Ní 1944 ni ó ṣe African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Òǹkọ̀wé tí ó bá ní orí rẹ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá ti ṣe àsọdùn. Ephraim Amu ará Gánà ni ó ni ohùn orin tí ó ṣíde iṣẹ́ náà. Ètò rẹ̀ ni ti Ṣówándé, ètò ọ̀hún kò sì kéré rárá. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kò fi kún iyì Ṣówándé, ẹ̀tọ́ Amu ni ó ń gbé mì. Láàárín àwọn ọdún 1960, Ṣówándé ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní òdìkejì Agbówó. Amẹ́ríkà ni ó kú sí ní 1987.