Àjàyí Crowther àti Lẹ́tà Tí A Fi Ń Kọ Yorùbá

Bí ẹ bá ń gba Ring Road kọjá n'Ìbàdàn, ẹ wo àwọn pátákó tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ kì í sábà sí níbẹ̀. Ó ń dùn wá, nítorí ojú ẹni tó bá wa ṣe é rí nǹkan.

Òṣogùn, lápá Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Ká má purọ́, Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó kó wọn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822. Freetown ló ti kàwé, tó sì di Kristẹni. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, l'Abẹ́òkúta.

Àwọn àáfà wa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá ní tiwọn. Lẹ́tà òyìnbó ni Àjàyí lò nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1843. Síbẹ̀, nínú Bíbélì tó ń túmọ̀, ó lo àlùfáà, wàásù àti àdúrà, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu Mùsùlùmí wọ Yorùbá. Kò torí ohun tójú rẹ̀ rí kọ ọ̀rọ̀ wọn.

Lọ́dún 1875 ó darí ìpàdé tó fìdí ìlànà ìkọ̀wé náà múlẹ̀ l'Ékòó, tàmì-tàmì. Èkó náà ló kú sí, ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ni wọ́n fi tẹ Àlùkùránì onítumọ̀ Yorùbá tó wà nílé yín.