Urwah Ọmọ Zubayr àti Egbò Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ìtàn Urwah ọmọ Zubayr ni a mú wá lónìí, nítorí àwọn ará wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ tí wọ́n ń fi ṣòkòtò bo egbò àdáàjinná.

Asma ọmọ Abu Bakr ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Aisha, àbúrò ìyá rẹ̀, ni ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ hádíìsì, títí a fi kà á mọ́ àwọn onímímọ̀ òfin méje ìlú Mọ̀dínà.

Ó ń rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ Walid, khalífà tí ó jọba ní Damasku láti ọdún 705 sí 715, nígbà tí egbò mú un ní ẹsẹ̀. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ó ń jẹ ẹran ara, ó sì ń gòkè. Àwọn oníṣègùn ní bí a kò bá gé ẹsẹ̀ náà, yóò gba ẹ̀mí. Urwah gbà. Ohun mímu tí yóò mú iyè rẹ̀ lọ ni kò gbà. Ayùn ni wọ́n fi gé e.

A máa ń yin sùúrù rẹ̀ lórí mìńbárì, a kì í sì í sábà sọ pé ó gbọ́ ti oníṣègùn. Onímímọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ kò ka ìtọ́jú sí àìnígbàgbọ́. Láyé tiwa, ẹni tó bá tètè lọ kì í sábà dé orí ayùn. Àtọ̀gbẹ ló wà nídìí egbò mìíràn. Iṣan tí kò gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè dáadáa ló wà nídìí òmíràn. Ìyẹ̀fun inú kápúsù tí a ń bù sójú egbò kò lè dé ìdí yẹn. Omi tó mọ́ ni kí a fi wẹ̀ ẹ́, aṣọ tó mọ́ ni kí a fi bò ó, kí a sì lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdí-Aba, Abẹ́òkúta.

Nínú ìrìn àjò yẹn kan náà, ẹran tí wọ́n ń gùn ta Muhammad ọmọ Urwah ní ìpá, ó sì kú. Baba náà padà sí Mọ̀dínà, ó ń dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó kù àti àwọn ọmọ tó kù. Nǹkan bí ọdún 94 lẹ́yìn Hijra ni ó tó kú. Ìdá kan nínú mẹ́rin Alùkùránì ni ó ń ké lójoojúmọ́, tí ó tún fi ń kírun lóru. Àwọn òpìtàn ní òru ọjọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó pa á jẹ. Ní òru kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀.