Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa jókòó láti ṣètò ìwé ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí, a fẹnu kò pé àwòrán aṣọ ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn olóyè nìkan kò ní kún inú rẹ̀. A ní kí á kọ ìtàn ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, tó di Ọlọ́run mú nígbà tí ewu yí i ká. Ó nídìí. Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí a ti sin mẹ́ta nínú ara wa, gbogbo wa la sì gbàdúrà fún ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn kó tó lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, àwọn kan bèèrè bóyá àdúrà wa ni kò tó. Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí a mú ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọdé bí ẹni pé ire ń wọ́ tẹ̀lé ire ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣoògùn, nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni nígbà tí ogun kó ìlú náà ní 1821. Wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé wá ní kí wọ́n sá, ó padà sójú ìjà, wọn kò sì rí i mọ́. Wọ́n so Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ okùn, wọ́n kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn níyà. Àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ ń ṣeré, tí ìbá dàgbà di ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí, fọ́n ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin. Ẹṣin kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n gba ọmọ. Wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí. Nígbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé ọwọ́ àwọn Pọtogí ló máa bọ́ sí níkẹyìn, ó gbìyànjú lóru ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbé e. A kò fi èyí pamọ́. Ẹni tí à ń sọ yìí mọ ẹ̀rù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o wọ ọkọ̀ Pọtogí ní Èkó. Ọkọ̀ náà kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdáǹdè ló dé. Wọ́n rí ẹran funfun tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n ní ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n rí pátákò lẹ́sẹ̀ ẹran ni wọ́n mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n rọra sún mọ́ èkejì, irin ni. A máa ń rẹ́rìn-ín tí a bá débẹ̀, ẹ̀rín náà kì í sì í pẹ́ lẹ́nu.

Ní Sàró ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló ti gba Jésù gbọ́, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó wọ odò Ọya. Nínú òyìnbó 145 tó lọ, ó tó 40 tó kú, ibà ló sì pa ọ̀pọ̀ wọn. Ó di àlùfáà ní 1843. Nígbà tó tún wọ odò náà ní 1854, wọ́n ń lo kúnììnì lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó kú. Àdúrà kò ní kó má lo oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹgbẹ́ wa, a ti kí yín o.

Ìlú wa yìí, Abẹ́òkúta, ló ti rí ìyá rẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá. Ọdún kejì sí i ló ṣe ìrìbọmi, ó sì ń jẹ́ Hannah. Crowther ṣì wà láàárín wa ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, nígbà tí ogun Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin wọn, dé odi Abẹ́òkúta. Ìtàn ogun yẹn kò ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá kankan, a kò ní tún un sọ.

Ní 1864 wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọ̀gá ọkọ̀ tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun wà níbẹ̀, ó ti dàgbà. Obìnrin tó kọ́ ọ ní A, B, D náà wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ti Ìdá ṣẹlẹ̀. Ó ń bẹ àwọn ìjọ tó wà lójú odò wò, òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson, ni ìjòyè kan tó ń jẹ́ Abokko bá gbá wọn mú. Wọ́n kó ẹrù inú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ní àyàfi bí wọ́n bá san owó rẹpẹtẹ kí wọ́n tó lè tú u sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi gba ẹṣin àti tábà lọ́mọdé ni wọ́n tún ń dá iye lé lórí, nígbà tó ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, wá a wá. Wọ́n fọgbọ́n kúrò níbẹ̀ láìsan owó. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni wọ́n ta ọfà olóró tẹ̀lé wọn, Fell ló bà, ó sì kú.

Ibí yìí la pẹ́ sí jù nígbà tí à ń kọ ìtàn yìí. Àwa kò lè fẹnu wa sọ pé Ọlọ́run gbọ́ ti Bíṣọ́ọ̀bù, kò gbọ́ ti Fell. Ẹni tó wá gbani ló kú, ẹni tí wọ́n wá gbà ló yè. Ohun tí a rí ni pé Crowther gbé ẹrù yẹn, ó padà sójú odò Ọya, ó sì lo ọdún tó lé ní ogún sí i níbẹ̀. Ní Bonny, ní 1875, wọ́n pa ọmọ ìjọ kan, Joshua Hart, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò tìtorí ìyẹn kúrò.

Lójú tiwa, ti Onitsha ló le jù, kò sì sí ọfà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó lè jẹ́ bàbá àgbà fún wọn, jókòó ní ìpàdé níwájú rẹ̀, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, àti Dandeson ọmọ rẹ̀. A kò sọ pé ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ká. Susan aya rẹ̀ ti kú láti 1880, Hannah ìyá rẹ̀ láti 1883. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Inú ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn l'Ékòó nítorí rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jáde, wọn ìbá tẹ̀lé e. Kò fi ìjọ sílẹ̀, kò sì káwọ́ gbera. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ gbìmọ̀ bí wọ́n ṣe lè máa fi owó ara wọn bójú tó iṣẹ́ náà. Láàárín rẹ̀ ni àìsàn dá a dúró ní 1891. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Dandeson ló ṣáájú àwọn ìjọ náà tí wọ́n fi dá dúró.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni Bíṣọ́ọ̀bù kú. Èkó ni wọ́n sin ín sí, níbi tí wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 69 ṣáájú.